Àpá dúdú ojú: bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ láìbó ara

Ìrorẹ́ lè san tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àpá dúdú tó fi sílẹ̀ lè gbé ojú fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan gbáko. Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra àwọ̀ tí Ọlọ́run fún wọn. Ọmọbìnrin tó ń múra ìgbéyàwó ní Ìgbògbò, ọkùnrin tí abẹ ìfárùngbọ̀n ti sọ àgbọ̀n rẹ̀ di dúdú, ìyálọ́mọ tí oyún fi àwọ̀ tó ṣú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: kí ojú wọn padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìpara, ìbáà jẹ́ ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ike kan náà tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ bóra ni wọ́n sábà máa ń nà sí wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn wo àpá sàn àti kí ó bóra. Ẹni tó ń bóra ń lé àwọ̀ dúdú kúrò ní gbogbo ara, kò sì ní ibi tí yóò ti dúró. Ẹni tó ń wo àpá sàn ń tọ́jú ojú kan pàtó, fún ìwọ̀n ìgbà kan, kí ibẹ̀ lè bá ara yòókù dọ́gba. Bí ó bá ti dọ́gba, iṣẹ́ parí. Èròjà kan náà lè wà nínú ìpara méjèèjì. Bí ó ṣe le tó, ibi tí wọ́n fi pa, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi pa á ni ó ń sọ ọ́ di òògùn tàbí májèlé.

Bí àpá dúdú ṣe ń wáyé

Nínú awọ ènìyàn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń ṣe aró dúdú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin. Aró yìí ni agbòòrùn awọ: òun ni ó ń gba oró oòrùn sára, kí ó má baà ba ohun tó wà nísàlẹ̀ jẹ́. Èròjà kan nínú sẹ́ẹ̀lì náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tyrosinase, ni ó ń mú iṣẹ́ aró ṣíṣe yìí lọ síwájú. Nígbà tí awọ bá fara pa, ìbáà jẹ́ ìrorẹ́, iná, ẹ̀fọn, ìfo tàbí abẹ ló fà á, ojú ibẹ̀ á gbóná, á wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á sì máa ṣe aró ju bó ṣe yẹ lọ. Bí egbò bá jinná tán, aró tó pọ̀jù á kù síbẹ̀. Bí awọ bá ṣe dúdú tó ni àpá bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọ́pọ̀ tó, tí ó sì ń pẹ́ tó.

Bí aró náà bá wà lókè awọ, àpá á rí bíi kọfí, á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Bí ó bá ti rì wọ inú awọ lọ, á rí bí eérú tàbí bí aró ẹtù, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ti àwọn aboyún tún yàtọ̀. Oyún, òògùn ìfètòsọ́mọbíbí àti oòrùn lè jọ mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti òkè ètè méjèèjì ṣú. Lára àwọn mìíràn, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Lára àwọn mìíràn, kì í lọ bọ̀rọ̀.

Èyí fi hàn pé ohun tó ń fa àpá ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ dá dúró. Ẹni tó ń wo àpá ìrorẹ́ tí ìrorẹ́ tuntun sì ń yọ lójoojúmọ́ ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi ni. Ọkùnrin tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ń ká wọnú awọ gbọ́dọ̀ dẹ́kun fífá a kanlẹ̀ kí ó tó wá ìpara lọ.

Ohun tójú àwọn tó ṣáájú rí

Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ awọ ẹran kan ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé ọwọ́ wọn ń di funfun tóótòòtó. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́ ni ó fà á. Kẹ́míkà kan tó jẹ́ ẹbí hydroquinone wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ lè dá iṣẹ́ aró awọ dúró, kò sì pẹ́ tí hydroquinone fi di ohun tí àwọn oníṣòwò ìpara ń tà káàkiri àgbáyé.

Ọdún 1975 ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní ọdún náà, Albert Kligman àti Isaac Willis ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àpòpọ̀ hydroquinone, tretinoin àti steroid fún ìtọ́jú àpá. Títí di òní, àwọn dókítà awọ ara ṣì ń lo irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1975 yìí kan náà, G. H. Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa ròyìn àwọn obìnrin tí wọ́n ti fi ìpara hydroquinone tó le gan-an para fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dípò kí ojú wọn mọ́, ṣe ni ó ṣú, tí ó dà bí aró, tí nǹkan kéékèèké sì le sára ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bí ẹyin ẹja. Àìsàn yìí, tí wọ́n ń pè ní ochronosis, ṣòro láti wò sàn, ó sì burú ju àpá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ra ìpara lọ. Nígbà tó di ọdún 1990, ìjọba South Africa ṣe òfin tó lé irú ìpara bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà.

Pàkúté tó wà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ẹni tó ń lo ìpara kì í mọ̀ pé ìpara náà ló fà á. Á rò pé kò tíì pọ̀ tó ni, á sì tún fi kún un.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì. Ọdún 1976 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé àwo orin Yellow Fever jáde láti fi bá àwọn tó ń bóra wí. Lọ́dún 2002, ìwádìí tí S. B. Adebajo ṣe láàárín àwọn ọlọ́jà 450 ní ìlú Èkó jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: 77.3% nínú wọn ni ó ń lo ìpara abóra. Iye tó fara jọ èyí ni wọ́n máa ń sọ kiri bí ẹni pé ti gbogbo obìnrin Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà Èkó, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ìwádìí yìí dá lé. Ní oṣù kejì, ọdún 2023, ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, kéde pé bíbóra ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí.

Ohun mẹ́ta tó gba ìṣọ́ra

Èkíní ni hydroquinone fúnra rẹ̀. Òògùn gidi ni lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpara ojoojúmọ́. Ìlànà NAFDAC ni pé kò gbọdọ̀ ju 2% lọ nínú ìpara ọjà. Àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù ti yọ ọ́ kúrò nínú ìpara ẹwà láti ọdún 2001. Ghana ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016. Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di òògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n tó tà á láti ọdún 2020. Ní Peckham, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ti gbé àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta á lábẹ́lẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Èkejì ni mẹ́kúrì. Eléyìí kò ní ìwọ̀n kankan tó dára. Ó ń gba inú awọ wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ni ó sì máa ń kọ lù jù. Lọ́dún 1972, àwọn dókítà ní Nairobi, ní Kenya, ròyìn àwọn àgbàlagbà tí àìsàn kíndìnrín mú kí ara wọn wú. Ó lé ní ìdajì wọn tó ti ń lo ìpara abóra tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ fi mẹ́kúrì para lè gbà á lára ìyá rẹ̀, lára aṣọ ìbora àti aṣọ ìnura. Àdéhùn Minamata, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, ti pàṣẹ kí gbogbo ayé dá ṣíṣe irú ìpara àti ọṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń yọ́ wọn wọlé.

Ẹ̀kẹta ni steroid, pàápàá clobetasol àti betamethasone. Òògùn ìfo àti àwọn àìsàn awọ mìíràn ni wọ́n, fún ọjọ́ díẹ̀, lójú ibi kékeré. Nítorí pé wọ́n máa ń mú kí ara tètè mọ́, àwọn tó ń po ìpara fún títà máa ń fún wọn sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́ débi pé iṣan á máa hàn, ìlà gbọọrọ á là sí itan àti apá, ìrorẹ́ àti irun á yọ lójú, làpálàpá á sì fara pamọ́ tàn kálẹ̀. Awọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn. Ẹ̀rù ojú ọgbẹ́ tí kò fẹ́ san ń ba àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ gan-an. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá kún àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn èròjà tó ṣeé fọkàn tán jù

Azelaic acid ni ọ̀pọ̀ dókítà awọ ara máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ń tọ́jú ìrorẹ́ àti àpá rẹ̀ pọ̀, kì í sì í dá awọ tí kò ní àpá ní funfun. Ìwọ̀n 15% sí 20% ni wọ́n ń lò. Ó lè máa jẹni bí èèrà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Niacinamide jẹ́ ọ̀kan lára ẹbí Fítámì B. Kì í dá aró ṣíṣe dúró. Ṣe ni ó ń dín aró tó ń bọ́ sínú awọ òkè kù. Ìwọ̀n 4% sí 5% tó, ó sì rọrùn fún awọ tí kò gba nǹkan púpọ̀.

Kojic acid wá láti ara olú kan tí àwọn ará Japan fi ń po oúnjẹ, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n láti ọdún 1907. Ó ń dí tyrosinase lọ́wọ́. Ìwọ̀n 1% ni òfin Yúróòpù gbà fún ìpara ojú àti ọwọ́. Ó máa ń mú kí ara àwọn kan yún wọn. Fítámì C náà wúlò, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè bàjẹ́ nínú ooru; bí omi rẹ̀ bá ti di pupa bíi ẹ̀ka tíì, agbára rẹ̀ ti lọ.

Adapalene àti tretinoin jẹ́ ẹbí Fítámì A. Wọ́n ń mú kí awọ tètè pààrọ̀ ara rẹ̀, kí aró tó kó jọ lè bọ́ dànù. Wọ́n dára fún ìrorẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ìkánjú lò wọ́n, wọ́n á bó ojú, ojú tó bó á sì tún fi àpá tuntun sílẹ̀.

Oòrùn kò gbọ́dọ̀ ráyè

Kò sí èròjà kankan nínú àwọn tí a kà sókè yìí tí yóò ṣiṣẹ́ bí oòrùn bá ń tú u ká. Apẹja tó ń tukọ̀ lórí ọ̀sà ní Báyékù ń gba oòrùn láti òkè, ó tún ń gba èyí tó ń ta padà láti ojú omi. Ìyá tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, awakọ̀ tí oòrùn ń ti fèrèsé wọlé sí lára, ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ìpara adènà-oòrùn tó ní SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó yẹ fún ojú láràárọ̀, kí wọ́n sì tún un fi lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì bí wọ́n bá wà níta. Fún ojú aboyún tó ṣú, èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ nínú, ìyẹn iron oxide, ni ó dára jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ lásán náà ń fi kún irú rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó o lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìlà etí gbòòrò àti agbòòrùn; ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré.

Bí a ṣe ń lò wọ́n

Èròjà kan ṣoṣo ni kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí tàbí inú apá fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó ń yún, kí ó má fi kan ojú. Bí kò bá sí nǹkan, kí ó fọ ojú lálẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, kí ó nù ún gbẹ, kí ó sì fi èròjà náà pa ojú ibi tó ní àpá. Ẹbí Fítámì A nìkan ni wọ́n máa ń fi pa gbogbo ojú. Ìwọ̀n ẹ̀wà kan sì tó o, lálẹ́ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Òrí tàbí ìpara mìíràn tó ń mú ara rọ̀ lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ìrorẹ́ ń yọ lẹ́nu yẹra fún èyí tó ní òróró púpọ̀.

Sùúrù ni olórí òògùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni ó gbà kí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa. Ìpara tó bá sọ ojú di mímọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rí ni pé nǹkan tó le wà nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí dókítà bá kọ hydroquinone fún ènìyàn, ojú àpá nìkan ni kí ó fi pa, kí ó má sì kọjá oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n sábà máa ń dá láìpadà lọ rí i.

Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ṣe òògùn àpá. Omi rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn lè jó awọ, kí ó sì fi àpá tó dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín náà kò dára fún ojú. Kànrìnkàn líle tí wọ́n fi ń ha ara lójoojúmọ́ tún lè mú kí èjìká, ọrùn àti ẹ̀yìn ṣú sí i.

Aboyún àti ọmọdé

Aboyún kò gbọdọ̀ lo tretinoin, adapalene tàbí hydroquinone, kí ó má sì lo steroid líle láìjẹ́ pé dókítà sọ fún un. Azelaic acid, niacinamide, Fítámì C àti ìpara adènà-oòrùn ni wọ́n sábà máa ń gbà fún un. Ti ọmọ ọwọ́ kò ní àríyànjiyàn nínú: kò sí ìpara amúmọ́ kankan tó yẹ ọmọdé. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ohun tí a bá fi pa á ń yára wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ tó bí i sì ni àwọ̀ rẹ̀.

Kíka ara ike

Ike tó bá yẹ kí ènìyàn rà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti gbogbo èròjà inú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ calomel, mercuric, mercurous tàbí Hg sí i, mẹ́kúrì ni. Bí orúkọ èròjà bá parí sí "-sone" tàbí tó jẹ́ clobetasol, steroid ni. Ìpara tí wọ́n pò sínú ike lásán, tí wọ́n sì pè ní ti ewé àti egbò tàbí "organic", kò ní ohun tí ènìyàn lè kà lára rẹ̀, a kò sì le fi ojú lásán mọ ohun tí wọ́n fi pò ó. Abẹ́rẹ́ glutathione tí wọ́n ń gún fún ara mímọ́ kì í ṣe ìtọ́jú àpá. NAFDAC náà sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹni tó ti wọ̀ ọ́

Ẹni tó ti fi steroid para fún ọ̀pọ̀ oṣù kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì láìrí dókítà. Ojú lè pọ́n, kí ó wú, kí ó sì máa ta á bí iná. Èyí ni ó máa ń lé ọ̀pọ̀ padà sídìí ìpara náà. Bí ó bá ti wọ inú ara gan-an, ó lè rẹ ènìyàn, kí èébì máa gbé e, kí òòyì sì máa kọ́ ọ. Kí ó gbé ike tó ń lò dání lọ sí ilé-ìwòsàn. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú tí wọ́n ti lè kọ̀wé lé ènìyàn lọ́wọ́ sọ́dọ̀ àwọn dókítà awọ ara ní LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí ẹsẹ̀ tàbí ojú bá ń wú, tí ìtọ̀ sì ń hó, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ kejì kọjá. Kíndìnrín ni ó ń ké yẹn.

Àpá tí kì í ṣe àpá lásán

Kì í ṣe gbogbo ohun dúdú ni ó yẹ kí a fi ìpara pa. Àmì dúdú ní àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tàbí abẹ́ èékánná, tó ń gbòòrò, tí etí rẹ̀ kò dọ́gba, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ awọ. Ojú ibẹ̀ ni irú rẹ̀ ti sábà máa ń mú aláwọ̀ dúdú. Irú rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ Bob Marley, tó sì pa á lọ́dún 1981, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 36. Bákan náà, ojú ibi tó ṣí lára, tí ènìyàn kò sì mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀, òògùn rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá tètè sọ.

Orúkọ tí Yorùbá fi ń yin ẹni dúdú tó rẹwà ni adúmáadán: ẹni tó dú, tó sì ń dán. Awọ tí ara rẹ̀ dá ni ó ń dán bẹ́ẹ̀. Àpá ìrorẹ́ kò lè gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò sì lọ bí ó bá rí oòrùn sá fún, tí wọ́n tọ́jú ohun tó fà á, tí wọ́n sì fún un ní oṣù mẹ́ta. Awọ tí mẹ́kúrì tàbí steroid bá bàjẹ́ ni kò dájú pé yóò padà bọ̀ sípò.